Ahọ́n Kò Lè Ṣe Adájọ́ Àtọ̀gbẹ

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn lónìí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti ga, kó tó délé ni ìmọ̀ràn yóò ti máa dúró dè é. Aládùúgbò yóò ní kó jìnnà sí ohun dídùn. Ìyá ìjọ yóò ní kó máa mu omi ewúro láràárọ̀. Aláàgbo ibùdókọ̀ yóò bu ife kan fún un, yóò sì fi dá a lójú pé bó ṣe korò tó yẹn gan-an ni yóò ṣe fọ ṣúgà náà dànù. Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló gba èyí gbọ́. Olùkọ́ ń sọ ọ́, òṣìṣẹ́ báńkì ń sọ ọ́, ajíhìnrere ń sọ ọ́ lórí rédíò. Gbogbo rẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ: dídùn ló ń fa àtọ̀gbẹ, kíkorò ló ń wò ó. Ẹ̀kọ́ náà rọrùn láti rántí, ó sì jọ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ràn kálẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹsẹ̀ méjèèjì tó fi dúró ti ṣẹ́, àti pé ìpalára rẹ̀ pọ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára máa rò pé ara òun le. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ pé òun ní in máa tọ́jú ahọ́n, kó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó ń gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀mí wọn so mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú abọ́. Ẹ̀bà kò dùn. Àmàlà kò dùn. Fùfú tilẹ̀ máa ń kan lẹ́nu díẹ̀. Síbẹ̀, nínú gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, nǹkan bíi 80 ló jẹ́ èròjà afáralókun, iṣẹ́ tí itọ́ ẹnu àti ìfun sì ń ṣe ni láti já èròjà yẹn sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà tí yóò wọnú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò bi í léèrè bóyá ó dùn lẹ́nu tàbí kò dùn. Ohun tó ń pinnu ibi tí ṣúgà náà yóò gbà ni insulin, ìyẹn omi ara kan tí ẹ̀yà ara kékeré tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pancreas, ń tú jáde. Insulin ló ń jẹ́ kí ẹran ara àti ọ̀rá gba ṣúgà wọlé, òun náà ló sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má tú ti inú rẹ̀ jáde. Bí insulin kò bá sí, tàbí tí ara kò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà yóò kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹ̀bà ló ti wá tàbí inú ìgò. Ẹni tó wá mu tíì láìfi ṣúgà sí i láàárọ̀, tó sì gbé òkèlè ràgàjì kalẹ̀ lálẹ́, tó ń yin ara rẹ̀ pé òun ti ń ṣọ́ ẹnu òun, ahọ́n rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Àwọn mìíràn a tún fi oyin rọ́pò ṣúgà, wọ́n á ní ojúlówó oyin ìgàn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oyin ni ṣúgà, omi ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sọ́fun bí omi. Ìwádìí fi hàn lemọ́lemọ́ pé àwọn tó ń mu ún lójoojúmọ́ máa ń sanra sí i, àtọ̀gbẹ oríṣi kejì sì ń pọ̀ láàárín wọn. Inú mi dùn sí òfin ìṣúná Nàìjíríà ti 2021 tó bu náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kéré lójú tèmi. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn mi ni pé ohun dídùn jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo lára ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ara fi ń gba ju èyí tó nílò lọ. Ẹni tó bá ti ọ̀nà yẹn pa, tó ṣí gbogbo ìyókù sílẹ̀ gbayawu, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ahọ́n kọ́ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ń gbára lé. Èèrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà pé bí èèrà kò bá ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí, ara rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé èèrà ń tọ ṣúgà lẹ́yìn, àkíyèsí àwọn àgbà kò sì ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dà rú ni àkókò. Kíndìnrín kì í jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde títí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi kọjá nǹkan bíi 180 mílígíráàmù nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ààlà yẹn a sì máa ga sí i bí èèyàn bá ti ń dàgbà. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀: bí ẹnì kan kò bá tíì jẹun láti alẹ́, tí ṣúgà rẹ̀ sì tó 126 láàárọ̀, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó tún tó bẹ́ẹ̀, ó ti ní in. Láti 100 sí 125 gan-an, ewu ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń jẹ́ 140 ní gbogbo òwúrọ̀ lè tọ̀ sójú àgbàlá títí láìrí èèrà kankan. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà nínú ojú, nínú kíndìnrín àti ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìdun èèyàn. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ, IDF, ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 24 ló ní àrùn náà ní Áfíríkà, pé ó lé ní ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá. Àwọn ìdajì yẹn ni ẹ̀kọ́ ahọ́n àti èèrà ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ohun tó sì ń sọ fún wọn ni pé kò séwu.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń di apànìyàn ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú súìtì tí ọmọ jẹ. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ni wọ́n ṣì í mú, tí wọ́n kọjú sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, tí wọ́n sì pa wọ́n run. Ọmọ tí ara rẹ̀ le á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń lépa, á padà sí títọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́ ńbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á máa jẹun, á sì máa rù. Bí kò bá sí insulin, ara kò rí ṣúgà lò, á wá máa jó ọ̀rá, èyí tó máa ń tú oró ekikan sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà á máa bì, inú á máa run ún, á máa mí gúlegúle, èémí rẹ̀ á sì máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ní àsìkò yìí gan-an ni àwọn kan ń pè é ní ibà, tí àwọn mìíràn ń sáré gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ pé ṣúgà ni, tó gbé àgbo kíkorò fún un dípò abẹ́rẹ́, ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún ọmọ náà.

Ìtàn ti dán ẹ̀kọ́ yíyẹra fún dídùn wò, ó sì ti dájọ́. Ní 1889, ní ìlú Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ pancreas ajá kan kúrò, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ṣúgà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà àbáyọ. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Frederick Allen gbé ètò kan kalẹ̀ tó le ju gbogbo ohun tí àwọn alámọ̀ràn tiwa tíì sọ lọ: ó gba ohun dídùn lọ́wọ́ aláìsàn, ó gba sítáàṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó tẹ̀ lé e fi oṣù díẹ̀, bóyá ọdún kan tàbí méjì, lé ẹ̀mí wọn, lẹ́yìn náà wọ́n kú, egungun lásán. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ tí Frederick Banting àti Charles Best fà jáde láti inú pancreas màlúù ní Toronto. Èyí àkọ́kọ́ kò mọ́ tó. James Collip sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n sì tún gún un lẹ́yìn ọjọ́ 12. Ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, ọmọ náà sì lo ọdún 13 sí i láyé. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé àìjẹ ohun dídùn kò wo oríṣi kìíní, ibojì àwọn ọmọ tó gbé ayé ṣáájú 1922 ni ẹ̀rí náà wà.

Oríṣi kejì ló pọ̀ jù. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní àtọ̀gbẹ láyé, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ tirẹ̀. Níhìn-ín, insulin wà, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ọdún pípẹ́, àmọ́ ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ ti yigbì sí i, títí pancreas yóò fi rẹ̀. Ọ̀rá tó kó sínú ikùn àti ẹ̀dọ̀, àìlo ara, ọjọ́ orí àti ìdílé tí a ti wá ló máa ń pa pọ̀ fà á. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ahọ́n lè tọ́ wò. Ó sì ṣeni láàánú pé ikùn ńlá, tó jẹ́ àmì tí ojú lè rí, ni a sọ di ẹ̀rí ọlá. Bí ọkùnrin bá ti ń rí towó ṣe, a ń retí pé kí agbádá rẹ̀ máa ga níwájú. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi èyí fọ́nnu, nítorí ọ̀rá lè wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tí kò sanra lójú, ìdílé sì lè fi àrùn náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀rí kan wà tó yẹ kí Yorùbá mọ̀ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó wà ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Caribbean, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àtọ̀gbẹ kéré jù láàárín àwọn tó wà nílé, ó ga sí i ní Caribbean, ó sì ga jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń ga láti ibì kan dé ibòmíràn ni àrùn náà ń bá a ga. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ẹnu kan náà tó fẹ́ràn adùn. Ohun tó yàtọ̀ ni iye oúnjẹ tí ara ń gbà àti iye iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé náà sì ti ń yí padà báyìí. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe ti Ìbàdàn jẹ́ olóòtú àbájáde rẹ̀, rí àtọ̀gbẹ lára ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, ó ti di nǹkan bíi 5.8. Ọ̀nà ìṣirò méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn kan tó ń ṣiyèméjì pé iye náà ń gòkè. Láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, ọ̀kadà gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa, àga ọ́fíìsì gba ìdí wa, òróró dín-dín sì wọ gbogbo abọ́.

Ti aláboyún kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tako ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Bí oyún bá ti ń dàgbà, àwọn họ́mónù tó ń ti ibi ọmọ wá máa ń dí insulin ìyá lọ́wọ́. Bí pancreas rẹ̀ kò bá lè fi kún iṣẹ́ rẹ̀, ṣúgà á ga, pàápàá láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Ọmọ inú á máa gba àjẹjù, á tóbi. Wọ́n á bí ọmọ kílò mẹ́rin àbọ̀, gbogbo ilé á máa jó pé ọmọ ńlá dé, kò sì ní sí ẹni tó máa ronú pé kí wọ́n yẹ ṣúgà ìyá wò. Bẹ́ẹ̀ ewu pé obìnrin yẹn yóò ní oríṣi kejì lọ́jọ́ iwájú ti di ìlọ́po méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oríṣi mìíràn tún wà tí kò wọ́pọ̀. Ní 2025, IDF fọwọ́ sí orúkọ kan, oríṣi karùn-ún, fún èyí tó ń bá àwọn tí ebi ti hàn léèmọ̀ láti kékeré, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn kò rí oúnjẹ tó, áḿbọ̀sì kí wọ́n rí adùn.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn kíkorò. Gbogbo ẹ̀kọ́ pé kíkorò ń fọ ṣúgà dúró lórí èrò kan, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ṣúgà tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi ṣíbí tíì kan lọ, ọpọlọ kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí ewé kan bá wà tó ń fọ ṣúgà kúrò lóòótọ́, ẹni tó mu ún yóò dákú. Ẹ̀dọ̀ gan-an máa ń ṣe ṣúgà tirẹ̀ mọ́jú nígbà tí a bá sùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi lè gbààwẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ á tún ga ju ti alẹ́ lọ. Kíkorò jẹ́ ohun tí ahọ́n ń mọ̀. Tó bá ti kọjá ọ̀fun, kò sí ibi tó ti ń pàdé adùn jà.

Wọ́n á ní, ‘Ṣé ewé kò wúlò ni? Ṣebí inú ewé ni òyìnbó ti ń mú oògùn?’ Ìbéèrè yìí dára, ìtàn metformin, oògùn tí dókítà máa ń kọ́kọ́ kọ fún oríṣi kejì, ló sì máa dáhùn rẹ̀. Inú ewéko kan tó ń jẹ́ galega, tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò tipẹ́, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ewéko náà máa ń pa ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ ẹ́ jù. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá èròjà inú rẹ̀ rí, wọ́n yí i padà sí èyí tí ara lè gbà, Jean Sterne sì ròyìn lílò rẹ̀ fún aláìsàn ní ilẹ̀ Faransé ní 1957. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 1994. Ohun tó sọ ewé di oògùn ni ìwọ̀n, ìdánwò àti sùúrù. Bí ó ṣe korò tó kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jìnrìn tiwa náà ti wọ ìdánwò ní oríṣiríṣi ilẹ̀, nígbà tí àjọ Cochrane sì kó àwọn ìdánwò tó yè kooro jọ ní 2012, wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Ewébẹ̀ ni, ó sì sàn kí abọ́ kún fún un ju kó kún fún òkèlè lọ. Kò di oògùn nítorí ìyẹn. Ní ti àgbo inú ìgò, ẹni tó ń mu ún kò mọ iye tó wà nínú ife, kò mọ ohun tí yóò ṣe fún kíndìnrín rẹ̀, bí ṣúgà rẹ̀ bá sì wálẹ̀ wìì lẹ́ẹ̀kan, kò mọ̀ bóyá ewé ni. Ní ilẹ̀ púpọ̀, àwọn aláṣẹ ti ká oògùn òyìnbó mọ́ inú ohun tí wọ́n ń tà bí egbòogi fún àtọ̀gbẹ.

Àtakò kejì ni ti àwọn baba ńlá wa: wọ́n jẹ iyán títí wọ́n fi dàgbà, àtọ̀gbẹ kò pa wọ́n. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé oko ni wọ́n ti ń bọ̀ kí iyán tó balẹ̀, wọ́n sì tún máa fi ẹsẹ̀ wọn rìn padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà láìdúró de insulin púpọ̀. Ìyẹn ni ọkọ́ àti àdá ń ṣe fún wọn. Àtakò yìí tilẹ̀ ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: iyán ni wọ́n jẹ, àwa náà iyán ni, nítorí náà ohun mìíràn ló yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló yẹ ṣúgà wọn wò? Ọ̀pọ̀ ẹni tí a sọ pé egbò ẹsẹ̀ pa, tàbí pé ayé fọ́ lójú, lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló mú un lọ. Títí dòní, bí egbò bá yọ lẹ́sẹ̀ tí kò san, wọ́n á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan ẹsẹ̀ ti kú, èèyàn tẹ ìṣó tàbí kí bàtà bó o, kò mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ dáadáa láti wo egbò náà. Bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó fi ṣe é, ẹsẹ̀ ń jẹrà lọ.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti owó. Àgbo kò wọ́n, ilé ìwòsàn wọ́n. Àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń san owó ìtọ́jú. Ilé iṣẹ́ Sanofi, tó wà lára àwọn tó ń ṣe insulin, kéde ní 2023 pé òun kò ní máa ta ọjà òun fúnra òun ní Nàìjíríà mọ́, iye oògùn sì ti fò sókè láti ìgbà náà. Èmi kò ní dá ìyá tó gbé àgbo fún ọmọ rẹ̀ lẹ́bi nígbà tí owó insulin oṣù kan ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Ìjọba tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni màá dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àìlówó kò sọ àgbo di oògùn. Ó jẹ́ ìdí láti bèèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí owó ìlera gbé insulin àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà, ẹ̀kọ́ ahọ́n yìí ló sì ń sọ ìbéèrè yẹn di aláìlágbára, torí ìjọba kì í rí ìdí láti ra ohun tí àwọn èèyàn gbà pé ewúro lè ṣe. Owó tí wọ́n ń san lórí ìgò àgbo lóṣooṣù náà kì í sì í ṣe kékeré bí wọ́n ṣe ń pè é. Metformin tí wọ́n ń ṣe láìlórúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lára oògùn tó rọrùn jù láti rà lórí igbá.

Àwọn kan á tún ní ohun tó bá ti wà nínú ìdílé, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ìdánwò ti já èyí. Ní Da Qing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti 1986, ní Finland, tí àbájáde tirẹ̀ jáde ní 2001, àti ní Amẹ́ríkà ní 2002, wọ́n mú àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní àrùn náà ní ìdílé. Ti Amẹ́ríkà gba 3,234 èèyàn. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, tí wọ́n sì ń rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Metformin nìkan dín in kù ní ìdá 31. Iye ti Finland náà jẹ́ 58. Àwọn ará Da Qing ni wọ́n tọpa fún ọdún 30, àwọn tó yí ìgbé ayé wọn padà sì pẹ́ láyé jù. Nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, kò sí ẹni tó fún wọn ní ohun kíkorò mu. Ẹni tó wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀. Ní ti oríṣi kìíní, a kò tíì mọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn òbí mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ìdènà nínú abọ́ Yorùbá kò ní kí a ju àmàlà nù. Ó ní kí òkèlè dínkù, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀gúsí tí òróró rẹ̀ kò pọ̀ gba àyè tó ṣí sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti wá sọ wíìtì àti ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ di oúnjẹ alátọ̀gbẹ, wọ́n ń tà á lówó gọbọi, aláìsàn sì ń jẹ òkìtì méjì nítorí pé wọ́n ní kò ní ṣúgà. Ó ní. Bí òkèlè bá ti pọ̀ tó ni ṣúgà rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ohun yòówù kí wọ́n fi rò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọdún 35, ẹ̀yin tí ikùn yín ń ga, ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ní in, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bí ọmọ tó tóbi gan-an, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní A1c ni wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ sọ fún wọn bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ AS tàbí SS, nítorí ó lè jẹ́ kí iye náà ṣini lọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ẹ ní in, ẹ má fi oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀ nítorí ife àgbo. Bí dókítà bá ti rí yín, ẹ ní kó wo ojú yín, kó wo ìtọ̀ yín nítorí kíndìnrín, kó sì bọ́ bàtà yín wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ọmọ kan nílé yín bá ń mu omi jù, tó ń tọ̀ jù, tó sì ń rù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà, ẹ má dúró di ọ̀la.